Lẹ́tà sí Bàbá Télọ̀

Bàbá mi,

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá la pín ẹrù yín. Bíbélì yín àti màṣíìnì ìránṣọ ló kàn mí. Inú Ìwé Jóòbù ni mo ti bá lẹ́tà yẹn. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí.

“Ọmọ mi ọwọn, aiye yi kò ṣe isare le. Mã ka iwe rẹ. Awọn enia nwò ọ.”

Epo màṣíìnì ṣì wà létí rẹ̀. Bíró pupa tèmi náà ò tíì ṣá.

Ọdún kìíní mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní àkọtọ́, ìyẹn ìlànà kíkọ èdè Yorùbá tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, mo wá ń wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Mo fagi lé “aiye”, mo kọ “ayé”. “Enia” di “ènìyàn”, “nwò” di “ń wò”. Mo kọ “Àṣìṣe 19” sísàlẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ padà sí yín, pẹ̀lú ìwé tí mo fi ń tọrọ owó háńdáàtì. Èmi tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ màṣíìnì rán nílé ìwé! Bíbélì lẹ fi kọ́ ìwé kíkà, bó ṣe kọ ọ́ náà lẹ kọ ọ́. Ta ní í fagi lé Bíbélì?

Owó náà dé. Ewé ẹ̀sásáìsì kan lẹ fi dì í, ẹ ká a sí mẹ́rin, kò sí “ọmọ mi”, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń fi owó ránṣẹ́ títí mo fi gba NCE. Bí mo bá wálé, ẹ ó bá mi ṣàwàdà, ẹ ó ní kí wọ́n pa adìẹ. Ṣé inú ń bí yín ni, àbí bíró mi ló ń bà yín lẹ́rù? Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí, Bàbá? Ìbáwí ì bá ti tán láti ọjọ́ yẹn.

Másítàs ni mò ń bá yí báyìí. Mo máa ń ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó yé mi, nígbà míì kò ní yé mi náà. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ti dá orí kejì padà lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni mò ń tò jọ, tèmi dà? Mo ju ọ̀gá náà lọ lọ́jọ́ orí o.

Orí màṣíìnì yín ni mo ń tẹ́ ìwé sí. Lálẹ́ àná, ẹsẹ̀ mi ń tẹ ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ títí aago méjì fi lù, n ò kọ ìlà kan.