Ẹ má yọ máàkì kúrò nínú àtòjọ tí lúùpù ń kà lọ́wọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún, nítorí àṣìṣe kan tó máa ń wọ kóòdù àwọn ọmọ láìsí ẹni tó fura.

Ẹ mú máàkì akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún:

maaki = [35, 38, 72, 50, 29]

Wọ́n á ní kí ọmọ yọ èyí tí kò tó 40 kúrò:

for m in maaki:
    if m < 40:
        maaki.remove(m)

Ohun tó máa ṣẹ́ kù ni [38, 72, 50]. Kí ni 38 ń wá láàárín àwọn tó yege? Ipò ni lúùpù (for tó ń mú máàkì lọ́kọ̀ọ̀kan) ń tẹ̀ lé, láti orí 0. Bí 35 ṣe kúrò ní ipò 0, 38 sún wá síbẹ̀. Lúùpù ti lọ sí ipò 1, ó bá 72 níbẹ̀. Kò yẹ 38 wò rárá. Bó bá jẹ́ dictionary (àkójọ tí orúkọ ń tọ́ka sí iye) ni, Python á gbé àṣìṣe RuntimeError jáde. Ní ti list, ìyẹn àtòjọ bíi maaki yìí, kò ní sọ nǹkan kan. Bí máàkì méjì tí kò tó 40 kò bá sì tẹ̀ léra, èsì á tọ̀nà, ọmọ á gbà pé kóòdù òun dáa. Ìyẹn ló ń dùn wá jù.

Àtòjọ tuntun ni kí wọ́n máa kó àwọn tó yege sí:

yege = []
for m in maaki:
    if m >= 40:
        yege.append(m)

Ìgbà tí èyí bá yé wọn dáadáa ni kí ẹ tó fi ti ìlà kan hàn wọ́n: yege = [m for m in maaki if m >= 40]. Ẹ kíyè sí >= yẹn o. Bó bá jẹ́ > ni, ẹni tó gba 40 gan-an ti bọ́ sílẹ̀.

Máàkì tó bá wá láti inú fáìlì CSV (èyí tó ń fi kọ́mà pín iye sọ́tọ̀), bí ọ̀rọ̀ ló ṣe ń wọlé, kì í ṣe bíi nọ́ńbà. "100" >= "40" á mú False wá, torí lẹ́tà àkọ́kọ́ ni Python kọ́kọ́ ń fi wéra, "1" sì ṣáájú "4". Ẹ fi int() yí i padà sí nọ́ńbà kí ẹ tó ṣà á. Ibi tí wọn kò kọ máàkì sí á gbé àṣìṣe ValueError jáde, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yọ ìyẹn sọ́tọ̀.

Bí ẹ bá ń dán kóòdù ọmọ wò, ẹ fún un ní àtòjọ tí máàkì méjì tó kéré ti tẹ̀ léra, èyí tí gbogbo rẹ̀ kò tó 40, àti èyí tí kò ní nǹkan kan nínú.

Àwa olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan,
Ìbàdàn