Ràfíátù, gbé nǹkan yẹn kúrò lórí fìríìjì

Àjàṣẹ́, alẹ́ Jímọ̀

Ràfíátù ọ̀rẹ́ mi,

Kú ọjọ́ mẹ́ta o, ṣé àlàáfíà lẹ wà, ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù Lyon ti ń dẹwọ́ díẹ̀? Àwa náà wà ńbí, a dúpẹ́. Ọjà Wàńdò ò fi bẹ́ẹ̀ tà lóṣù yìí, aṣọ tí mo kó wálẹ̀ ṣáájú ọdún iléyá ṣì wà nílẹ̀, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo jókòó torí ẹ̀. Mo mọ̀ pé WhatsApp la máa ń lò, o máa ní kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà gígùn báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìyànjú láti fi ohùn sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ẹkún gbà á lẹ́nu mi, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́.

Lọ́jọ́ sí tí a sọ̀rọ̀, o ní ìjọba Faransé kọ̀wé sí ẹ lọ́dún tó kọjá pé o ti pé 50, pé kí o lọ gba kítì tí wọ́n fi ń yẹ ìgbẹ́ wò, o gbà á ní fàmasí lóòótọ́, o sì gbé e sórí fìríìjì, ibẹ̀ náà ló wà títí dòní. O rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín, o bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní kò sí. Ó wà.

O mọ Bàbá Kàmílù ẹ̀gbọ́n mi, òun ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé àwa méjèèjì lọ sí kọ́lẹ́jì tí òjò bá rọ̀, ìwọ níwájú èmi lẹ́yìn. Nígbà tó kú, mo kàn sọ fún ẹ pé inú ló pa á, mi ò lágbára àtisọ ìyókù. Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ rí nínú ìgbẹ́. Ó pẹ́ kó tó sọ fẹ́nikẹ́ni, nígbà tó sì wá sọ, gbogbo ilé la pa ẹnu pọ̀ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. O mọ̀ wá náà, kí inú máa run èèyàn, jẹ̀dí, kí ẹ̀yìn máa dùn ún, jẹ̀dí, kí ẹ̀jẹ̀ wá jáde ńdìí, ta ló tún ń wá nǹkan míì, wọ́n á ní nǹkan dídùn ló jẹ jù. Èmi gan-an ni mo lọ bá a ra àgbo lọ́jà Àjàrá, Ràfíátù, ìgò méjì, mo sì ń pè é láràárọ̀ pé ṣó ti mu ún. Àgbo yẹn á jẹ́ kó yàgbẹ́ gbuurugbu, ara ẹ̀ á fúyẹ́ fún ọjọ́ méjì, a ó ní ó ń ṣiṣẹ́. Mi ò tíì lè kọjá níwájú ìyá alágbo yẹn látìgbà náà, kì í sì í ṣe pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Nígbà tó yá, ìgbẹ́ ẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ó ń rù, abẹ́ ojú ẹ̀ funfun, tó bá ti ilé rìn dé mọ́sálásí á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ibi tó kọ́kọ́ lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọn ò bi í pé ó ti tó ìgbà wo, wọ́n kọ oògùn jẹ̀dí tí wọ́n máa ń kì bọ ìdí fún un pé kó máa lọlé. Oṣù mẹ́rin ló fi lo ìyẹn. Ìgbà tí ìfun ẹ̀ wá dí pátápátá, tí inú ẹ̀ wú bí ìlù, tí ò lè yàgbẹ́ tí ò lè só, òru la fi mọ́tò gbé e lọ sí Kútọnù, wọ́n là á lóru náà, wọ́n ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Ọmọ ọdún 54 ni. Oṣù méje ló lò lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú àpò tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ikùn ẹ̀ tí ìgbẹ́ ń gbà jáde, ohun tó sì ń bà á nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé báwo lòun á ṣe máa kírun pẹ̀lú àpò yẹn, àfìgbà tí àlùfáà wá sílé wá sọ fún un pé kó máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kó máa kí i bó ṣe wà, Ọlọ́run mọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo tún rí i tó sùn dáadáa.

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ló pe àwa ọmọ ìyá ẹ̀ jọ, ó fi bíìkì ya ìfun sórí bébà fún wa. Ó ní ìfun ńlá èèyàn gùn tó mítà kan àtààbọ̀, pé nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún ni nǹkan kékeré kan ti máa ń hù bí olú ṣe ń hù lára igi, pólípù ni wọ́n ń pè é, kì í dunni, o lè ní in kí o má mọ̀. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ò ní di nǹkan kan, àmọ́ àwọn kan á máa dàgbà díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń tó bí ọdún 10 kó tó di jẹjẹrẹ. Ọdún 10! Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. A jẹ́ pé nǹkan yẹn ti wà lára Bàbá Kàmílù nígbà tó ń gbé ìyàwó fún Kàmílù, ó wà lára ẹ̀ nígbà tó lọ Mẹ́kà, ó wà ńbẹ̀ nígbà tó ń bá mi kan páànù sí ṣọ́ọ̀bù mi, kékeré, tí èèyàn á kàn fi wáyà gé e kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ó wá ní àwa tí a jọ ní ìyá kan bàbá kan, àwa la wà nínú ewu jù. Ẹni tí bàbá ẹ̀ tàbí ìyá ẹ̀ tàbí ọmọ ìyá ẹ̀ bá ní in, ọdún 40 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara ẹ̀ wò, tàbí kó fi ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n rí i lára ẹni yẹn, èyí tó bá yá jù nínú méjèèjì. Èmi ti pé 51, mi ò mọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí èmi o.

Ni mo bá fi owó tọ́ńtìn mi, èésú tí a máa ń dá, ṣe kolosikopí, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ìdí wọlé láti wo inú ìfun ńlá. Kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ, torí mo mọ̀ pé ẹ̀rù ibẹ̀ ló ń bà ẹ́, pé tí kítì bá ti ní ẹ̀jẹ̀ wà, wọ́n á ní kí o wá ṣe é.

Ṣíṣe ẹ̀ gan-an ò le, ìmúrasílẹ̀ ẹ̀ ló le. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní kí n má jẹ gbọ̀mà, ẹ̀fọ́ kankan, ẹ̀wà, èso, nǹkan tó ní kóró, ìrẹsì funfun àti ẹja àti ẹyin ni mò ń jẹ. Nígbà tó ku ọ̀la, omi tó mọ́ gaara nìkan, omi ọbẹ̀ tí wọ́n ti sẹ́, tíì tí ò ní wàrà, nǹkan mímu pupa ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu mi torí wọ́n lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Oògùn ẹ̀ wá ni etu tí wọ́n ń pò mọ́ omi, lítà 2 lálẹ́, lítà 2 ní ìdájí, ó níyọ̀, tó bá tutù ló ṣeé gbé mì. Kò sì ṣeé mu sílé kí èèyàn tó wọ taxi láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnù, o mọ gosiló ọ̀nà yẹn, ọ̀dọ̀ Nàfísátù ọmọ mi ni mo gbọ́dọ̀ sùn. Yàrá méjì, ilé ìgbẹ́ kan. Kí èmi ìyá ìyàwó máa sáré lọ sáré bọ̀ nílé ìgbẹ́ àna mi látìrọ̀lẹ́ dòru, ìtìjú ẹ̀ ni mo fi sún ọjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ yẹn, kí Ọlọ́run bù kún un, nígbà tí Nàfísátù sọ fún un, ó ká aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ sínú báàgì, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní "Màmá, mò ń lọ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Godomey, ẹ fọkàn balẹ̀, ilé yín nìyí." Ó ti ra bébà ìgbẹ́ kalẹ̀, ó ra òrí sí i torí ó gbọ́ pé ìdí máa ń ta èèyàn. Mi ò mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó fi di ìdájí, ohun tó ń jáde lára mi ti mọ́ bí ìtọ̀, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn, torí tí ìgbẹ́ bá ṣẹ́kù, pólípù lè sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní kí n fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun sínú iṣan, mo ń ka Fátíhà lọ, mi ò parí ẹ̀. Nígbà tí mo lajú mo bi nọ́ọ̀sì pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní ẹ ti ṣe tán Màmá. Kò dùn mí rárá. Dókítà ti sọ fún mi ṣáájú pé ewu díẹ̀ wà níbẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣẹ̀ tàbí kí ìfun lu, ó ní kì í sábà ṣẹlẹ̀, mo fọwọ́ síwèé. Wọn ò sì ní jẹ́ kí èèyàn dá lọlé lọ́jọ́ náà torí oorun yẹn.

Ràfíátù, méjì ni wọ́n bá lára mi. Ọ̀kan tó kóró àgbàdo, ìkejì tó ẹ̀wà, ó fi fọ́tò ẹ̀ hàn mí, pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti gé méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta èsì dé, wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ irú èyí tó máa ń dì í ni. Kí n padà wá lẹ́yìn ọdún 5. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ibẹ̀, mò ń sunkún ọpẹ́, mò ń sunkún Bàbá Kàmílù pọ̀ mọ́ ọn.

Ìwọ wá ni tìẹ, wọ́n fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Kítì yẹn ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí nínú ìgbẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa fi igi kékeré ibẹ̀ gún ìgbẹ́, o dé e padà sínú ike ẹ̀, o fi ránṣẹ́, ó tán. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì méjì títí o ó fi pé 74. Tí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ wà, ìyẹn ò ní kó jẹ́ jẹjẹrẹ, pólípù lè wà, jẹ̀dí gan-an lè wà, wọ́n á kàn ní kí o wá ṣe kolosikopí. Tí wọ́n bá sì tètè rí i kó tó kúrò lójú kan, nínú èèyàn 10, bíi 9 ló máa ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Tó bá ti dé ẹ̀dọ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àmọ́ gbọ́ o, tó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra ẹ ti ń fojú rí ẹ̀jẹ̀, tàbí bí o ṣe ń yàgbẹ́ ti yí padà láìnídìí, tàbí ẹnì kan nínú àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò yín ti ní in rí, kítì yẹn kọ́ ló kàn ẹ́, dókítà ni kí o lọ bá tààrà. Má fi pamọ́ fún mi.

O ní o ṣì kéré sí àìsàn àgbàlagbà. Ọkọ Nàfísátù ló sọ fún mi nípa Chadwick Boseman, òṣèré Amẹ́ríkà yẹn, 2016 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ìfun lára ẹ̀, ó kú lóṣù Kẹjọ 2020, ọmọ ọdún 43. Ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, wọ́n ti ní kí àwọn èèyàn máa bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò lọ́dún 45 láti 2021, 50 ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Ìwọ ti kọjá méjèèjì. Mẹgés, sósísì aláta yẹn, àti sósísì yòókù tí ò ń jẹ lálaalẹ́ torí pé o máa ń ti ibi iṣẹ́ pẹ́ dé, ìyẹn náà ò dáa, jọ̀ọ́ dín in kù, kí o máa jẹ ẹ̀wà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àbúrò mi tó wà ní Pọbẹ̀ ti pé 42, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki nǹkan bọ òun nídìí, pé ọkùnrin lòun. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mò ń lọ bá a, èmi àti ìyàwó Bàbá Kàmílù la jọ ń lọ, ká wo bó ṣe máa sọ ọ́ lójú opó.

Wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára kítì yẹn kóo tó ṣí i, tó bá ti kọjá, padà sí fàmasí wọ́n á fún ẹ ní òmíì. Má ṣe é lópin ọ̀sẹ̀ torí kò yẹ kó pẹ́ nílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àárọ̀ Àtìní ni o kì í lọ síbi iṣẹ́, ṣe é lárọ̀ ọjọ́ náà kí o fi sí pọ́ọ̀sì kóo tó lọ ra búrẹ́dì. Mà á pè ẹ́ lálẹ́ Àtìní, lẹ́yìn ìrun ìṣáì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ẹ,
Sìkírátù