Àkàndé, etí la fi ń yàn án

Ìbàdàn, ọjọ́ Sátidé

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù Manchester ń kọ́? Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́. Inú mi dùn pé o ti bẹ̀rẹ̀ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. O ní gbogbo text editor (ètò tí a fi ń kọ kóòdù) tí àwọn tó ń ríran ń yìn fún ẹ, NVDA tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sétí àwa afọ́jú kì í rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Ẹnìkan fi ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà mi, ó ní kò sí èyí tó yá tó o. Mo tẹ ọfà ìsàlẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Mo tún un tẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Mo rò pé ìgbọ́rọ̀ etí mi ló bàjẹ́! Àṣé ńṣe ni ètò náà ń ya lẹ́tà sójú gíláàsì bí ẹni ya àwòrán, kò sọ fún Windows pé ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Kí ni NVDA ó wá kà?

Fi Notepad, ètò ìkọ̀wé inú Windows, bẹ̀rẹ̀. Bọ́wọ́ ẹ bá ti balẹ̀, bọ́ sí VS Code, ètò ìkọ kóòdù. Tẹ Alt+F1, wà á gbọ́ àlàyé tí wọ́n kọ fún irú wa. F8 á gbé ẹ lọ síbi tí àṣìṣe wà. Bí Tab bá ń gbé ẹ jáde nínú kóòdù, Ctrl+M ni kó o tẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé: àlàfo iwájú ìlà, òun ni Python fi ń mọ ìlà tó wà nínú òmíràn. Mú NVDA+Ctrl+D (Insert ni bọ́tìnnì NVDA), wá line indentation, fi sí tones. Bí àlàfo bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohùn á máa ròkè. Tab kan tó àlàfo 4. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ ètò kan tó ń ṣírò owó àjọ ẹbí wa. Èèyàn 12 ló dá owó, ti ẹnìkan ṣoṣo ló kà. Mo padà tẹ́tí sí i láti ìlà dé ìlà. Nígbà tí mo dé orí return, àṣẹ tó ń dá èsì padà, ohùn kò dún rárá, àmì pé àlàfo kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó wálẹ̀. Inú for, àṣẹ tó ń ka èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ló há sí! Shift+Tab ẹ̀ẹ̀kan, owó pé.

(Afọ́jú bíi tiwa ni Michael Curran tó bẹ̀rẹ̀ NVDA ní Australia lọ́dún 2006, ọ̀fẹ́ ló sì fi sílẹ̀. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà á fún ẹ.)

Fi kóòdù ẹ ránṣẹ́ kí n gbọ́ ọ. Jọ̀ọ́, má ya fọ́tò ẹ̀ o.

Èmi ni,
Àlàmú