Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ẹ̀rù lé mi lọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé onígbàgbọ́ tí ẹ̀rù bá ṣì ń bà kò tíì mọ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara, nítorí irú èmi gan-an ló ń bá wí.

Èlùbọ́ ni mò ń tà lọ́jà Bódìjà, ó ti lé lógún ọdún. Ṣakí ni mo ti ń rà á. Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, a ti kọjá Ìsẹ́yìn, ilẹ̀ ti ń ṣú, ni àwọn ajínigbé bá yọ sí ọkọ̀ tó wà níwájú wa. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì. Awakọ̀ wa kò tilẹ̀ ráyè yíjú ọkọ̀ padà, ẹ̀yìn ló fi ń sáré. Ìyá ọlọ́mọ tó jókòó tì mí ti ọmú bọ ọmọ lẹ́nu kó má baà ké, ó sì fi ọwọ́ kejì di ìró mi mú títí etí ìró fi ya. Àdúrà tó jáde lẹ́nu mi kò ju "Jésù, Jésù" lọ.

Abúlé kan la sá wọ̀. Ìyàwó Ààfáà kan ló ṣílẹ̀kùn fún wa, àwa mẹ́rìnlá. Ó tẹ́ ẹní, ó po ògì gbígbóná, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run ò sùn." Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n tó tú àwọn ará ọkọ̀ iwájú sílẹ̀. Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn ni wọ́n mú. Mi ò jẹ́ sọ láéláé pé àdúrà tiwa ló gbóná ju tiwọn lọ.

Oṣù méjì gbáko ni mi ò lè rìnrìn àjò. Bí ọ̀kadà bá bú gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, ẹ̀yìn àpò èlùbọ́ ni mò ń bẹ̀rẹ̀ sí. Mo gbààwẹ̀, ẹ̀rù kò lọ. Ìgbà náà ni mo ṣí Sáàmù 56: "Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí, èmi ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ." Mo tún un kà. Dáfídì kò sọ pé ẹ̀rù kò ba òun. Ọwọ́ àwọn Fílístínì ló wà ní Gátì, ẹ̀rù Ákíṣì ọba sì bà á débi pé ó ṣe bí wèrè, ó ń ha ilẹ̀kùn, itọ́ ń ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ṣé òun náà kò mọ Ọlọ́run ni?

Mo tún rántí ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tí bàbá mi máa ń sọ fún wa. Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn yẹn náà, ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821, ọmọdé ni. Nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lórí òkun ní 1822, ó rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́, ó rí ọta àgbá nílẹ̀, ó rò pé ẹran ara èèyàn àti orí èèyàn ni. Àwọn tó wá gbà á là ló ń bà á lẹ́rù! Ìrànlọ́wọ́ ti dé, àyà ọmọ ṣì ń já. Ọmọ yẹn ló wá léwájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tí mò ń kà yìí, òun àti ìyá rẹ̀ sì tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta ní 1846.

Ní oṣù Kìíní, mo wọkọ̀ ní kùtùkùtù, nítorí mi ò rìn lálẹ́ mọ́. Láti Mọ́níyà ni mo ti ń ka ẹsẹ yẹn sínú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àmọ́ ọkàn mi ti rí ibi fẹ̀yìn tì. Mo bọ́ sílẹ̀ ní abúlé náà, mo gbé iyọ̀ àti ṣúgà fún ìyàwó Ààfáà. Ó ní láti ọjọ́ náà, bí ajá bá ti gbó lóru, òun náà kì í lè sùn mọ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ la ti di ara wa mú, tí awakọ̀ ń fọn fèrè.

Ẹ bá mi bẹ ẹni tó kọ̀wé yẹn, kó má lé àwa tí ẹ̀rù ń bà kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ọ̀dọ̀ Rẹ̀ la sá wá. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, mo tún ń lọ sí Ṣakí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́,
Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn.