Àdùkẹ́, Má Dá Nìkan Mòòkùn Mọ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án báyìí tí a ti gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti fúyẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti bí obìnrin, a sì ti tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ kí o má baà bá a jà, ni ó ta mí lólobó pé o ti ń dá nìkan mòòkùn lọ ṣa kànìnkànìn òkun, ẹran omi tí o ń wá oògùn nínú rẹ̀, ní ìdájí, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó jí. Ṣé òótọ́ ni?

Ìkarahun ìgbín òkun tí o fún mi wà lórí tábìlì níwájú mi. Àwọ̀ pupa rẹ̀ hun ara wọn bí àwọ̀n, ẹnu rẹ̀ sì há débi pé èékánná mi nìkan ni ó wọ̀ ọ́. Ìwọ ni o kọ́ mi pé ibẹ̀ ni ẹranko náà ti ń yọ eyín tó dà bí abẹ́rẹ́ gún ẹja, àti pé nínú oró irú rẹ̀ kan, Conus magus, ni wọ́n ti rí èròjà tí ó di ziconotide, oògùn ìrora tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2004. O tún sọ pé oró irú mìíràn lè pa ènìyàn, pé kò sí oògùn tí ń pa oró náà, àfi kí ẹlòmíràn máa fẹ́ èémí sẹ́nu ẹni tí ìgbín náà gún títí agbára oró náà yóò fi tán. Ẹlòmíràn, Àdùkẹ́. Ta ni ẹlòmíràn náà nígbà tí ìwọ nìkan wà lábẹ́ omi?

Má sọ fún mi pé o mọ̀ wẹ̀. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ìwà àìronú ni, kò sì yẹ ọ́, ìwọ tí mo ń fi ọ́ yangàn níbi gbogbo.

Mo ti bi ara mi pé kí ni ó ń lé ọ, mo sì bẹ̀rù pé mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, o ní èròjà tí o yọ nínú kànìnkànìn ti tán kí o tó mọ bí ó ṣe rí. Èmi sì dáhùn pé, “Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kò tíì sí nǹkan kan lọ́wọ́?” O dákẹ́. Mo gbọ́ ìdákẹ́ náà, mo sì yí ọ̀rọ̀ padà bí ẹni tí kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe nígbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́: ipò tí o gbà ni mo máa ń bèèrè, n kò bèèrè ohun tí o kọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé nípa iṣẹ́ rẹ, ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe kí n tó la ẹnu. Werner Bergmann, onímọ̀ kẹ́míìsì, rí kànìnkànìn kan ní etíkun Florida ní ọdún 1945; èròjà inú rẹ̀ ni ó tọ́ka ọ̀nà sí cytarabine, oògùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ọdún 1969 ni wọ́n sì tó fọwọ́ sí i. Ọdún 24 gbáko! Àwọn ará Japan lo 600 kìlógíráàmù kànìnkànìn, mílígíráàmù 12.5 péré ni halichondrin B, èròjà tí ń gbógun ti jẹjẹrẹ, tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míìsì mọ bí wọ́n ṣe lè fọwọ́ ara wọn ṣe irú rẹ̀ ní yàrá ìwádìí ni eribulin, oògùn jẹjẹrẹ, jáde ní ọdún 2010, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún níláti wọ òkun nítorí rẹ̀. Ká ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kì bá tí bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn.

Bí ọ̀rọ̀ mi ni ó ń tì ọ́ wọ omi ní ìdájí, mo gbà á padà. Bí iṣẹ́ náà bá gba ọdún 24, kí ó gbà á. Ṣùgbọ́n má dá nìkan wọ omi mọ́, mo bẹ̀ ọ́.

Pè wá ní alẹ́ ọjọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí o kò bá tíì fẹ́ gbọ́ ohùn mi, bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀, kí o sì sọ orúkọ ẹni tí yóò máa bá ọ mòòkùn fún un.

Èmi ni bàbá rẹ.