Lẹ́tà sí Dọ̀tun lórí ọ̀rọ̀ Ṣáínà

Dọ̀tun ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ pé ara ìyàwó rẹ ti ń mókun. Màá kọ ọ̀rọ̀ ilé sínú òmíràn, torí ohun tí o sọ nípa Ṣáínà kò jẹ́ kí n sinmi. O ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti yé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì yékéyéké: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni Ṣáínà ń jí lò, ibi tí aráàlú kò bá sì ti lẹ́nu láti bá ìjọba wí, wọn ò lè dá ohun tuntun kankan sílẹ̀. Ìwọ náà wá fi “ó lè jẹ́ òótọ́” sí i nídìí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà gbọ́ tèmi.

Orí òrùlé àwọn ará Jámánì gan-an ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2000, ìjọba wọn ṣòfin pé ẹni tó bá gbé sólà sórí ilé rẹ̀, wọ́n á máa ra iná tó bá tibẹ̀ jáde ní owó tó jọjú fún 20 ọdún. Ni gbogbo èèyàn bá ń wá sólà kiri. Ní 2001, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Shi Zhengrong, tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ Martin Green ní Yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà, dá Suntech, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sólà, sílẹ̀ nílùú Wuxi ní Ṣáínà. Ṣé olè nìyẹn? Ilé ìwé ló lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní Bell Labs ló gbé irú sólà oní-silicon yìí (silicon ni èròjà tí wọ́n ń rí nínú iyanrìn) jáde ní 1954, kò sì sẹ́ni tó dí wọn lọ́wọ́ láti sọ ọ́ di ọjà ńlá.

Owó ìjọba wà nínú rẹ̀, n kò ní tàn ọ́. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń fún wọn nílẹ̀ ní pọ́ọ́kú, báńkì sì ń yá wọn lówó. Níbẹ̀ yẹn, ẹjọ́ tí àwọn ará Yúróòpù ń rò, pé ìjọba ló ń tì wọ́n lẹ́yìn, lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ní owó ìjọba nìkan ni, kó sọ fún mi ìdí tí Suntech kan náà fi wọko gbèsè ní 2013. Ara wọn ni wọ́n ń bá jà! Wọ́n ń já owó ọjà lulẹ̀ léraléra, ọ̀pọ̀ ń kú sójú ìjà, èyí tó bá sì yè á le bí òkúta. Lónìí, kò sí ìpele kankan nínú ṣíṣe sólà tí ìdá tó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ Ṣáínà. Ní 2024 nìkan, sólà tí wọ́n gbé kalẹ̀ nílẹ̀ wọn tó gigawatt 277 (gigawatt kan jẹ́ bílíọ̀nù watt kan). Ìdídò Three Gorges wọn, ilé iṣẹ́ iná olómi tó tóbi jù láyé, kò ju gigawatt 22.5 lọ. (Oòrùn máa ń wọ̀ lóòótọ́, nítorí náà iná tó ń jáde kò tó bí nọ́ńbà yẹn ṣe rí lójú.)

Àwọn tó ń kì wọ́n bí olùgbàlà náà ń bí mi nínú o. Èédú tí Ṣáínà ń jó ju ìdajì ti gbogbo ayé lọ. Ọdún 2024 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ iná eléèédú tuntun tó tó gigawatt 94.5, bẹ́ẹ̀ Xi Jinping, ààrẹ wọn, ti ṣèlérí ní 2020 pé èéfín wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù kí 2030 tó pé. Irọ́ ni? Mo rò pé ẹ̀rù ni. Ní 2021 iná ṣẹ́jú mọ́ ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn lọ́wọ́; lọ́dún kejì ọ̀dá mú ìpínlẹ̀ Sichuan tó gbójú lé iná olómi, fákítọ̀rì ń tì. Látìgbà náà ni àwọn aláṣẹ ti di èédú mú bí ẹni di ọ̀pá ìtìlẹ̀. Ẹni tó bá wo sólà nìkan tàbí èédú nìkan kò tíì rí ilẹ̀ náà.

Ti mọ́tò ńkọ́? Ní 2011, wọ́n bi Elon Musk, ọ̀gá Tesla tó ń ṣe ọkọ̀ oníbátìrì ní Amẹ́ríkà, léèrè lórí tẹlifíṣọ̀n nípa BYD, ilé iṣẹ́ mọ́tò ti Ṣáínà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí 2023 fi máa parí, ọkọ̀ oníbátìrì tí BYD tà ní oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn ju ti Tesla lọ. Amẹ́ríkà wá gbé owó ibodè ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún lé wọn lórí, Yúróòpù fi èyí tó tó ìdá 35.3 kún ìdá 10 ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ ní kò mọ nǹkan kan ṣe, kí lẹ ń dínà mọ́ ọn fún? Jámánì gan-an dìbò lòdì sí owó ibodè yẹn, torí àwọn tó ń ṣe mọ́tò níbẹ̀ ń tajà púpọ̀ ní Ṣáínà.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí lórí chip, ọpọlọ kékeré inú kọ̀ǹpútà. Amẹ́ríkà ṣòfin ní oṣù Kẹwàá 2022 pé kí wọ́n má ta èyí tó lágbára jù fún Ṣáínà, pé ó parí nìyẹn. Nígbà tí DeepSeek, ọgbọ́n àtọwọ́dá ti Ṣáínà, jáde ní oṣù Kìíní 2025, ìpayà mú àwọn oníṣòwò débi pé nǹkan bí 600 bílíọ̀nù dọ́là fò lọ lára iye Nvidia, ilé iṣẹ́ chip ti Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àná wọ́n jẹ́ òpè, òní wọ́n di iwin. Bẹ́ẹ̀ Ṣáínà kò tíì rí ẹ̀rọ tó dára jù lọ tí wọ́n fi ń ṣe chip lọ́dọ̀ ASML ti Netherlands rà títí di báyìí, ó sì ń dùn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló ṣòro jù fún mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní 2018 wọ́n pa òfin tó ní ààrẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ju sáà méjì léraléra lọ rẹ́. Dókítà Li Wenliang kìlọ̀ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa àrùn tuntun (kòrónà) ní Wuhan, ọlọ́pàá bá a wí, àrùn yẹn náà ló pa á. Lára silicon tí wọ́n fi ń ṣe sólà, agbègbè Xinjiang ní ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà ló ti ń wá, níbi tí wọ́n ti kó àwọn Uyghur, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan, sí àhámọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ìjọba tó gbé ọkọ̀ balẹ̀ sí ìhà òṣùpá tí ayé kì í rí, ní 2019, ló tún sá fún nọ́ńbà: nígbà tí àìríṣẹ́ṣe àwọn ọ̀dọ́ ìgboro wọ ìdá 21.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kẹfà 2023, wọn ò gbé e jáde mọ́ fún oṣù bíi mélòó kan.

Ṣùgbọ́n má ṣe bá wọn sọ pé àwọn èèyàn ibẹ̀ yadi. Lẹ́yìn tí iná jó ilé kan ní Urumqi, olú ìlú Xinjiang, ní oṣù Kọkànlá 2022, tí èèyàn 10 kú, àwọn ọ̀dọ́ tó gbà pé òfin kónílé-ó-gbélé nítorí kòrónà ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà sá bọ́ sí títì pẹ̀lú bébà funfun tí wọn ò kọ nǹkan kan sí. Kò pé oṣù kan tí ìjọba fi tú òfin kónílé-ó-gbélé ká.

Bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ wò fún mi nípa ìbò owó ibodè yẹn. Mo fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa yí i, pàápàá èyí tó ń wa ọkọ̀ Jámánì nínú wọn.

Èmi ni tìrẹ,
Káyọ̀dé