Àbẹ̀kẹ́, Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Sọ Gíábọ́ọ̀sì Kalẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí fọ́tò ohun tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ rẹ, tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì fẹ̀ ẹ́ dáadáa kí n tó dáhùn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni lóòótọ́. Ká ní ó pupa ni, mi ò bá ní ti gíá ni. Ká ní omi lásán ni, AC ló ń sọ̀, kò sóhun tó ṣe ọkọ̀. O ní mẹkáníìkì wọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó jáde, ó ní back oil seal, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì níbi tó ti pàdé gíábọ́ọ̀sì, ló kú, pé àfi kí òun sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, kí o lọ wá owó. Jọ̀ọ́, má tíì fún un ní kọ́bọ̀. Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Ibi tí ọ́ìlì ń kán sí ló rí, kò tíì wá ibi tó ti ń jáde.

Láti ìgbà tí mo ti ń ta oil seal àti gáàskẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń fi sáàárín irin méjì kí ọ́ìlì má baà jò, ní Gate n'Íbàdàn níbí, ohun tó ń dùn mí jù ni kí èèyàn ra ọjà lọ́wọ́ mi, kó sanwó iṣẹ́ gọbọi, kí ọkọ̀ rẹ̀ sì tún máa jò. Ọjà kọ́ ló bàjẹ́. Wọn ò wádìí ni.

Ọ́ìlì a máa ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí o bá ń sáré á sì máa gbá a sẹ́yìn. Bí gáàskẹ́ẹ̀tì top cover, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnì tó wà lókè pátápátá, bá ń jò níhà ẹ̀yìn, ọ́ìlì á rọra gba ara ẹ́ńjìnì sọ̀kalẹ̀ títí dé ibi tí ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé, ibẹ̀ ni yóò ti wá máa kán. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ á rí i níbẹ̀, á ní back oil seal ni. Bẹ́ẹ̀, gáàskẹ́ẹ̀tì òkè kì í ṣe iṣẹ́ tó ń gba odidi ọjọ́, ti back oil seal ló ń fẹ́ kí wọ́n tú gíábọ́ọ̀sì.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, yẹ gééjì ọ́ìlì wò. Gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pa á, jẹ́ kó dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Fa gééjì yọ, fi àkísà nù ún, tì í wọlé dé ìdí, kí o tún fà á yọ. Àárín àmì méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE tó wà nínú Corolla 2005 rẹ yìí ń gba nǹkan bíi lítà 3.7 bí a bá pààrọ̀ fìlítà mọ́ ọn, nítorí náà gálọ́ọ̀nù lítà 4 kan ti tó ọ. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni kí o máa wò ó títí a ó fi tún un ṣe. Bí iná pupa ọ́ìlì bá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù lórí ìrìn, yà kúrò lọ́nà, kí o pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Má sọ pé ilé ti sún mọ́. Ẹ́ńjìnì tí kò rí ọ́ìlì mu kì í pẹ́ nọ́ọ̀kì.

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ọkọ̀ bá tutù, fọ ẹ́ńjìnì náà. Ibi tí gbogbo nǹkan ti dúdú, kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tó ń jò. Fi nọ́lọ́ọ̀nù bo alternator àti orí àwọn plug, fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ gbo ìdọ̀tí kúrò, fi omi díẹ̀díẹ̀ ṣàn án, kí o jẹ́ kó gbẹ. Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó ń yára wẹ ọ́ìlì dànù. Iná wáyà kékeré kan ti tó láti fi jó ọkọ̀ àti ẹni tó dúró tì í.

Tó bá ti gbẹ, bu pọ́dà ọmọdé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí ibi tí o bá fura sí, wa ọkọ̀ káàkiri àdúgbò kó gbóná dáadáa, padà wálé, pa á, kí o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ọ́ìlì bá ti jáde á hàn dúdú lórí pọ́dà funfun náà. Tan tọ́ọ̀ṣì, òkè ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ojú rẹ ò bá dé lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, na fóònù síbẹ̀, kí o yà á, ṣùgbọ́n ṣọ́ ọwọ́ rẹ, ọ̀pá èéfín á ṣì gbóná. Má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan, bó ti wù kí jáàkì náà lágbára tó.

Bí etí top cover bá tutù, o ti mú un nìyẹn. Tí ibẹ̀ bá gbẹ, wo tensioner ṣéènì, ohun tó ń mú kí ṣéènì inú ẹ́ńjìnì le dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì ló wà, nọ́ọ̀tì nọ́ńbà 10 méjì ló dì í mú. Rọ́bà róbótó tó wà nídìí rẹ̀ máa ń gbó nínú irú ẹ́ńjìnì tìrẹ yìí, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í sì í rántí ibẹ̀. Bí wọ́n bá máa tú u, kí ẹnikẹ́ni má yí ẹ́ńjìnì nígbà tó bá wà níta, kí wọ́n sì tún ìkọ́ rẹ̀ há kí wọ́n tó dá a padà, torí bí ṣéènì bá fò, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ́ìlì nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni fìlítà àti plug ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń tú bí wọ́n bá fẹ́ da ọ́ìlì nù. Nígbà mìíràn rọ́bà fìlítà àtijọ́ á lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, wọ́n á yí tuntun lé e lórí. Sump rẹ, abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, kò ní gáàskẹ́ẹ̀tì, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dì í láti ilé iṣẹ́. Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá gbẹ tí ibi gíábọ́ọ̀sì ṣì ń kán, a jẹ́ pé òótọ́ ni mẹkáníìkì rẹ sọ, èmi fúnra mi ni n ó sì ra seal náà fún ọ.

Ohun kan wà tí wọn kì í bi mí léèrè ní ṣọ́ọ̀bù: PCV valve. Ihò kékeré tí ẹ́ńjìnì ń gbà mí ni. Bó bá dí, èéfín inú ẹ́ńjìnì ò ní rí ọ̀nà jáde, á wá máa ti ọ́ìlì gba ara gáàskẹ́ẹ̀tì àti seal jáde. Tú u, kí o mì í létí. Bí kò bá dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, pààrọ̀ rẹ̀. Bí iná ò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná.

Bí wọ́n bá ń tún top cover ṣe, dúró níbẹ̀. Gba gáàskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, kí o tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ti kú ti le gbagidi, á ṣẹ́ pọ́kú sí ọ lọ́wọ́. Tuntun tó jẹ́ ojúlówó á tẹ̀, á sì padà sípò. Kí wọ́n ha ojú irin náà mọ́ tónítóní. Gọ́ọ̀mù kékeré ni wọ́n á tọ́ sí igun méjèèjì tí irin tó bo ṣéènì ti pàdé orí ẹ́ńjìnì, kì í ṣe kí wọ́n fi yí gáàskẹ́ẹ̀tì ká. Gọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù á já sínú, á lọ dí ọ̀nà ọ́ìlì. Nǹkan bíi 10 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń dè é) ni ìdè bóòtù top cover náà, agbára ọrùn ọwọ́ lásán. Ẹni tó bá fi gbogbo ara fà á ń wá bí irin ṣe máa sán ni.

Wọ́n lè ní kí o da ọ́ìlì tó ki, 20W-50, sínú rẹ̀ kó lè dín jíjò kù. Má gbà. 5W-30 ni Toyota ní kí ẹ́ńjìnì yìí máa mu. Èyí tó ki kì í tètè dé òkè bí o bá sáná láàárọ̀, ihò tó ń jò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Fi ọ̀wọ̀ bá mẹkáníìkì náà sọ̀rọ̀ o. Kúnlẹ̀ kí i, sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ ká wò ó ná, màmá mi ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀.” Tó bá yarí, fún un ní nọ́ńbà mi. Bí wọ́n bá da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí wọ́n gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n má dà á sí gọ́tà.

Mo ti di gáàskẹ́ẹ̀tì top cover, PCV valve àti rọ́bà tensioner sínú páálí kan. Ọkọ̀ Ìlọrin tó ń gbéra láàárọ̀ Jímọ̀ ni n ó fi rán an; n ó fi nọ́ńbà dírẹ́bà ránṣẹ́ sí ọ bó bá ti gbà á. Èyí tí o ò bá lò nínú wọn, dá a padà fún mi, n ó tà á.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.